Oòrùn Tí Kò Mọ́lẹ̀ Ju Kùrukùru Lọ

Ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Marmottan Monet ní Párísì, àwòrán kan wà tí kò tóbi rárá: gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 48, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 63. Claude Monet ló yà á ní èbúté Le Havre, ní àríwá ilẹ̀ Faransé. Ó kọ orúkọ rẹ̀ àti "72" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì, èyí tó dúró fún ọdún 1872. Impression, soleil levant ni wọ́n ń pè é, tó túmọ̀ sí ìwòye kan, oòrùn tó ń yọ. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti rí i pé kí ló mọ́lẹ̀ jù nínú rẹ̀, yóò nawọ́ sí oòrùn kékeré tó pọ́n roro nínú kùrukùru òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kan ọ̀dà oòrùn yẹn, tí a sì fi kan ọ̀dà kùrukùru tó yí i ká, iye kan náà la ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Oòrùn inú àwòrán náà kò mọ́lẹ̀ ju kùrukùru lọ.

Lójú tèmi, ẹni tó bá lóye bí ọ̀rọ̀ oòrùn yìí ṣe jẹ́ ti lóye ìdajì ohun tó wà nínú yíya àwòrán etíkun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tó ń mú kí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wọni lára ni àwọn nǹkan tí a yà sínú rẹ̀: òkun, ọkọ̀, ìyanrìn, ojú ọ̀run. Àwọn mìíràn gbà pé inú ayàwòrán ló dùn tàbí ló bàjẹ́ lọ́jọ́ tó ń yà á, tí ìdùnnú tàbí ìbànújẹ́ yẹn sì gba ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ọ̀dà. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èrò méjèèjì. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ohun kan tí a kì í sábà dárúkọ, ìyẹn bí àwọ̀ kan ṣe mọ́lẹ̀ tó sí àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí àwòrán ti ń wá. Nígbà tí mo bá sì sọ pé ẹ̀mí àwòrán, ohun tí mo ní lọ́kàn ni ipò tó ń fi ọkàn wa sí kí a tó rí àyè ronú nípa ohun tí a ń wò: ìfọ̀kànbalẹ̀, ìpayà, àárò, ìdánìkanwà.

Èbúté tí kò dákẹ́

Ọmọ bí ọdún márùn-ún ni Monet nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó kúrò ní Párísì lọ sí Le Havre. Ó mọ èbúté náà bí ẹní mowó. Nígbà tó padà síbẹ̀ láti yàwòrán yìí, ó wọ̀ sí Hôtel de l'Amirauté, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi lápá gúúsù ìlà-oòrùn. Lónìí, ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kò ní rí ohun tó rí, nítorí bọ́ǹbù wó àárín ìlú náà palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tó yà. Ní iwájú, ọkọ̀ kékeré kan wà tó ṣókùnkùn. Ènìyàn méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì dìde dúró, ó ń tukọ̀. Ọkọ̀ kejì wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá òsì, kò dúdú tó ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta tún jìnnà sí i, kùrukùru ti ń gbé e mì. Oòrùn wà lókè lápá ọ̀tún, bíríkítí, ó ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, ìtànṣán rẹ̀ sì já sí ojú omi ní ìlà gígùn tí ìgbì ń gé kélekèle. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni òpó àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá, kéréènì, àti ọ̀wọ̀n tí èéfín ń jáde látinú rẹ̀. Búlúù àti àwọ̀ eérú ló bo gbogbo ìyókù, a kò sì lè fi ìka tọ́ka ibi tí omi parí sí tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan máa ń rò pé abúlé apẹja ni èyí. Rárá o. Èbúté ńlá ni Le Havre nígbà náà, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì ti ń gbéra lọ sí New York. Ní àárín àwòrán náà ni ẹnu ọ̀nà omi tó lọ sí Bassin de l'Eure wà, ibi tí ọkọ̀ ńlá lè gbà wọlé nígbà tí òkun bá kún. Lápá ọ̀tún, iṣẹ́ ìkọ́lé ń lọ lọ́wọ́ létí omi, torí wọ́n ń mú èbúté náà gbòòrò sí i. Èédú, irin, ariwo, àwọn alágbàṣe: gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí Monet bá ti yà á ní ọ̀sán gangan, tí ìlà ohun gbogbo sì hàn kedere, àwòrán iṣẹ́ àṣekára la ó máa wò. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ọkàn wa ń bá pàdé nínú rẹ̀ kò ti ibi tí ó yà wá.

Ọ̀dà kì í tàn

Oòrùn máa ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde. Ọ̀dà kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀; èyí tó bá bọ́ lù ú nínú yàrá ló ń dá padà. Ọ̀dà funfun tó dára máa ń dá púpọ̀ padà, dúdú sì ń dá díẹ̀ kíún padà. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ibi tó funfun jù lórí kánfáàsì kò mọ́lẹ̀ ju ibi tó dúdú jù lọ ju nǹkan bí ìlọ́po 20 sí 30. Ní etíkun gan-an, oòrùn fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po mọ́lẹ̀ ju ìdí ọkọ̀ tó wà nínú òjìji lọ. Kò sí ayàwòrán tó lè kó irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀dà, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá tó.

Nítorí náà, ẹni tó ń ya ìmọ́lẹ̀ kò lè ṣe àdàkọ rẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni pé kó yan ìwọ̀n: kí ni yóò mọ́lẹ̀ ju kí lọ, àti pé báwo ló ṣe máa jù ú lọ tó. Ìtàn àwòrán etíkun ní Yúróòpù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìtàn bí àwọn ayàwòrán ṣe yan ìwọ̀n yìí.

Claude Lorrain, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ní Róòmù, yan ọ̀nà òjìji. Ní ọdún 1648 ó ya èbúté kan níbi tí Ọbabìnrin Ṣébà ti fẹ́ wọ ọkọ̀. Ó fi àwọn ilé olópòó gíga sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ó jẹ́ kí òjìji bò wọ́n, ó sì fi oòrùn sí àárín, lókè omi díẹ̀. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ṣókùnkùn, àárín ń tàn. J. M. W. Turner, ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ràn iṣẹ́ Claude débi pé ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n gbé méjì nínú àwòrán òun kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjì nínú ti Claude ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí dòní. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí Turner yàn jẹ́ etíkun níbi tí oòrùn ti ń yọ láàárín kùrukùru, tí àwọn apẹja sì ń ta ẹja lórí ìyanrìn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dàgbà, ọ̀nà mìíràn ni Turner tọ̀. Ó gbé gbogbo àwòrán lọ sí ìhà funfun àti àwọ̀ ìyeyè, títí ọkọ̀ àti omi fi yọ́ mọ́ra nínú ìmọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1870, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Prussia, Monet sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Camille Pissarro lọ wo iṣẹ́ Turner àti ti Constable, ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, níbẹ̀. Nígbà tó fi máa yàwòrán Le Havre, ó ti mọ ọ̀nà méjèèjì. Èyí tó wá ṣe yàtọ̀ sí tàwọn ará iwájú: ó fa oòrùn wálẹ̀ kó bá kùrukùru dọ́gba.

Ohun tí kùrukùru ń ṣe

Ẹni tó bá ti dúró létí ọ̀sà Èkó láàárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ mú gidi ti rí irú ohun tí Monet rí. Àwọn ilé gogoro tó wà ní òdìkejì omi a pàdánù àwọ̀ wọn, gbogbo wọn a di eérú. Ọkọ̀ apẹja tó wà nítòsí a dúdú kedere, èyí tó jìnnà a dà bí òjìji, èyí tó tún jìnnà sí i a fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Oòrùn pàápàá a di bíríkítí rẹ́súrẹ́sú tí kò ta sí ojú. Eruku aṣálẹ̀ ló ń fa ti ọyẹ́. Ní Le Havre, ẹ̀kán omi wínníwínní inú afẹ́fẹ́ òtútù ni, èéfín èédú sì pò mọ́ ọn.

Ọ̀nà kan náà ni méjèèjì ń gbà ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ara ohun kan a forí sọ àwọn èérún inú afẹ́fẹ́, apá kan nínú rẹ̀ a tú ká, kò ní dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́wọ́ kan náà, ìmọ́lẹ̀ tó ti ibòmíràn wá a forí sọ àwọn èérún yẹn, a sì tú wọ inú ojú wa. Bí ohun náà bá ṣe jìnnà tó ni méjèèjì ń pọ̀ tó. Ohun dúdú tó jìnnà á máa funfun sí i, ohun funfun tó jìnnà á máa ṣókùnkùn sí i, títí àwọn méjèèjì yóò fi pàdé nínú àwọ̀ kùrukùru fúnra rẹ̀. Etí wọn náà á máa parẹ́, nítorí etí kò jẹ́ nǹkan kan ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òkùnkùn.

Ní ti oòrùn, bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ tó nípọn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Búlúù inú rẹ̀ a tú ká sọ́nà, pupa àti àwọ̀ ọsàn ni yóò ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí oòrùn àárọ̀ fi ń pọ́n tí ojú ọ̀run tó yí i ká kò pọ́n tó o.

Ẹ wá padà sí ọkọ̀ mẹ́ta wa. Monet kò fa ìlà kankan láti fi jíjìnnà hàn. Ìwọ̀n dúdú mẹ́ta ló lò: ti àkọ́kọ́ dúdú, ti èkejì rọlẹ̀, ti ẹ̀kẹta kù díẹ̀ kó bá omi dọ́gba. Ojú wa a ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, a sì gbà láìjanpata pé omi náà gbòòrò. Ní ọdún 2023, Anna Lea Albright àti Peter Huybers, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn àwòrán Turner àti Monet. Wọ́n rí i pé bí èéfín ilé iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni etí nǹkan inú àwọn àwòrán náà ń ṣe bàìbàì sí i. Ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń yà, kì í ṣe ojú wọn ló ń ṣú.

Kí ló wá kan ìfọ̀kànbalẹ̀? Ojú ènìyàn máa ń sáré lọ síbi tí dúdú ti forí gbárí pẹ̀lú funfun. Níbi tí irú ìforígbárí bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀, ojú kò ní ìsinmi. Nínú àwòrán Le Havre, yàtọ̀ sí ọkọ̀ iwájú, gbogbo àwọ̀ sún mọ́ ara wọn ní ìmọ́lẹ̀. Ojú kò rí ibi sáré sí, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Ọkàn a sì tẹ̀ lé ojú. Ẹ fi wé àwòrán ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì nínú ìjì yìnyín tí Turner gbé jáde ní 1842. Àwọ̀ eérú àti àwọ̀ pákó ló pọ̀ nínú tòun náà, òkun ni, kùrukùru ni, èéfín ni. Ṣùgbọ́n funfun àti dúdú ń kọlu ara wọn yí ọkọ̀ náà po, ojú ń fò kiri, àyà ẹni sì ń já. Ohun tó wà nínú àwòrán méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ló pín wọn níyà.

Ọ̀nà méjì tí ojú ń gbà ríran

Nísinsìnyí, a lè padà sí oòrùn. Margaret Livingstone, onímọ̀ nípa ìríran ní yunifásítì Harvard, ló ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 2002. Ẹ̀yin náà lè dán ohun tó sọ wò. Ẹ wá àwòrán náà sórí fóònù, kí ẹ sì mú àwọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kó di dúdú àti funfun. Ọkọ̀ yóò wà níbẹ̀. Kéréènì yóò wà níbẹ̀. Oòrùn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá sínú kùrukùru.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì pàtàkì ni ọpọlọ ń gbà to ohun tí ojú rí. Ọ̀nà kan kò mọ àwọ̀ rárá. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló ń kà, òun ló sì ń sọ fún wa ibi tí nǹkan wà, bí ó ṣe jìnnà tó, àti bóyá ó ń rìn. Ọ̀nà kejì ló ń mọ àwọ̀, òun ló sì ń ràn wá lọ́wọ́ láti dá nǹkan mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà àwọn méjèèjì máa ń fẹnu kò. Níwájú oòrùn Monet, wọn kò lè fẹnu kò. Ọ̀nà kejì rí àwọ̀ ọsàn kedere, ó ní oòrùn rèé. Ọ̀nà kìíní wá ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ tì, kò rí ibi tí yóò fi oòrùn náà sí. Oòrùn náà wá dà bí ohun tó léfòó, tó ń mì, tí kò dúró sójú kan, bí a bá ṣe tẹjú mọ́ ọn tó.

Bí ẹ bá lo kọ̀ǹpútà láti sọ oòrùn yẹn di funfun sí i, kó lè mọ́lẹ̀ ju kùrukùru lọ bí ti ojú ayé, àrà náà yóò dáwọ́ dúró. Oòrùn yóò wà, yóò dúró jẹ́ẹ́ sí ipò rẹ̀, kò sì ní mì mọ́. Èyí ni apá tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: dídín ìmọ́lẹ̀ oòrùn kù ló fún un ní agbára.

Àwọ̀ náà kó ipa tirẹ̀. Ní ọdún 1839, Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà tó ń bójú tó aró rírẹ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ọ̀ṣọ́ Gobelins ní Párísì, tẹ ìwé kan jáde lórí bí àwọ̀ ṣe ń yí ara wọn padà. Àwọn kan ti fi ẹ̀sùn kàn án pé òwú dúdú ilé iṣẹ́ náà kò dúdú tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé òwú náà dára, àwọ̀ tí wọ́n hun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń bà á jẹ́ lójú. Láti ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé àwọ̀ tó tako ara wọn, bí àwọ̀ ọsàn àti búlúù, máa ń mú ara wọn gbóná sí i nígbà tí wọ́n bá wà pa pọ̀. Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Faransé ka ìwé yẹn gan-an. Nínú àwòrán Le Havre, ọ̀dà àwọ̀ ọsàn kò tó nǹkan, búlúù ló bo ohun gbogbo. Bó ṣe kéré tó nínú búlúù ló mú kó pọ́n bẹ́ẹ̀.

Bí ọwọ́ ṣe ṣe é

Ohun tí mo ti ń ṣàlàyé bọ̀ lè mú ènìyàn rò pé Monet jókòó, ó ń ṣírò. Ojú ló fi kọ́ ọ, ní ìta, lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ. Eugène Boudin, ọmọ bíbí Honfleur tó wà ní òdìkejì omi sí Le Havre, ló mú un jáde lọ yàwòrán ní gbangba nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé. Boudin fẹ́ràn ojú ọ̀run débi pé ó máa ń kọ ọjọ́, wákàtí àti irú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí ara àwọn àwòrán kékeré tó bá yà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Johan Jongkind, ará Netherlands, tó fi kún ẹ̀kọ́ náà.

Ohun èlò náà ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń rọ ọ̀dà sí, ó máa ń bẹ́, ó sì máa ń gbẹ. Ní ọdún 1841, John Goffe Rand, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí túùbù onírin tí a lè fi ọmọrí dé. Láti ìgbà náà, ayàwòrán lè kó ọ̀dà dání lọ síbikíbi, ní wákàtí èyíkéyìí, àárọ̀ kùtù náà sì wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì, nítorí irú ìmọ́lẹ̀ tí a ń sọ yìí kì í pẹ́ tó fi ń lọ.

Lórí kánfáàsì, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni Monet kọ́kọ́ fi bo ojú ọ̀run àti omi, ó sì jẹ́ kí àwọ̀ rẹ́súrẹ́sú tó wà nísàlẹ̀ yọ jáde níbì kan níbì kan. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá àwọ̀ ọkọ̀ àti kéréènì sí i láìtún etí wọn ṣe. Ibi tó ti lo ọ̀dà tó nípọn ni oòrùn àti ìtànṣán rẹ̀ lórí omi. Ẹni tó bá dúró nítòsí àwòrán náà yóò rí i pé ìlà tó wà lójú omi jẹ́ kìkì ọ̀dà tí búrọ́ọ̀ṣì gbé lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì ga ju àyíká rẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ yàrá ń bọ́ lé etí ọ̀dà náà. Èyí kò hàn rárá nínú ìwé tàbí lórí fóònù.

Ẹ̀sùn pé kò parí

Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1874, Monet àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ iṣẹ́ wọn sí ibi tí ayàfọ́tò Nadar ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ní nọ́ńbà 35, boulevard des Capucines. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ni kí wọ́n pe àwòrán náà nínú ìwé ìpàtẹ, ó rí i pé kò ṣeé pè ní àwòrán Le Havre lásán, ó ní kí wọ́n kọ Impression. Kò pẹ́ tí Louis Leroy, oníròyìn ìwé ìròyìn Le Charivari, fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ gbogbo ìpàtẹ náà. Ó ní bébà tí wọ́n fi ń lẹ ara ògiri tí iṣẹ́ ṣì kù lára rẹ̀ parí ju àwòrán òkun yìí lọ. Ibi ẹ̀gàn náà ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn ti jáde.

Ẹ̀sùn yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ní ó yára jù, wọ́n ní kò ya nǹkan kan dópin. Ṣùgbọ́n kí ni ì bá fi parí rẹ̀? Bí ó bá fa etí sí ara kéréènì, kéréènì yóò jáde kúrò nínú kùrukùru, jíjìnnà yóò fọ́, oòrùn yóò sì padà di àmì pupa kan láàárín àmì mìíràn. Gbogbo ohun tí a rò pé ó kù sílẹ̀ ni ohun tó gbé àwòrán náà dúró. Kò sì ya ohun tí kò rí. Donald Olson, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní Texas State University, wo ipò oòrùn sí àwọn ohun tó wà ní èbúté, ó wo bí òkun ṣe kún, ó wo àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́, ó tún wo ìhà tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín lọ nínú àwòrán náà. Ó parí rẹ̀ sí ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1872, ní nǹkan bí aago méje kọjá ìṣẹ́jú 35 láàárọ̀. Oníṣòwò Ernest Hoschedé ra àwòrán náà ní 800 fáránkì. Nígbà tí gbèsè mú un tó fi tà á ní gbàǹjo ní 1878, dókítà Georges de Bellio rà á ní 210, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ọjà pé oòrùn tó ń wọ̀ ni. Ìṣirò Olson fi yé wa pé àárọ̀ ni.

Monet pa òótọ́ mọ́ nípa ibi, wákàtí, afẹ́fẹ́ àti omi. Níbi kan ṣoṣo ló ti yà kúrò lára ojú ayé: ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Òkúta kan, ojú ọ̀run púpọ̀

Fún ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì pé ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, kó wo Étretat. Etíkun náà kò jìnnà sí Le Havre, lápá òkè. Òkè ẹfun funfun ló wà níbẹ̀, tí òkun ti gbẹ́ ihò ńláńlá sí lára bí ẹnu ọ̀nà. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni Manneporte. Láti 1883 sí 1886, Monet ń padà síbẹ̀ léraléra. Òǹkọ̀wé Guy de Maupassant rí i lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1886: àwọn ọmọdé ń bá a ru kánfáàsì márùn-ún tàbí mẹ́fà tẹ̀ lé e, ohun kan náà ló wà lórí gbogbo wọn, wákàtí àti ìmọ́lẹ̀ ló yàtọ̀. Bí ojú ọ̀run bá yí, á gbé èyí sílẹ̀, á mú òmíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1885, ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ níwájú Manneporte débi pé ìgbì ńlá kan gbá a mọ́ òkúta, ó gbé e wọ inú omi, ohun èlò rẹ̀ sì lọ.

Méjì nínú àwọn àwòrán Manneporte wà ní Metropolitan Museum ní New York, ọ̀kan ti 1883, èkejì ti 1886. Ẹ wá wọn, kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí ẹ má kọ́kọ́ wo òkúta náà. Ẹ wá ibi tó mọ́lẹ̀ jù àti ibi tó ṣókùnkùn jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo bí ibi méjèèjì ṣe jìnnà síra tó, kí ẹ wo àwọ̀ tí òjìji ní, nítorí òjìji Monet kì í dúdú. Búlúù ni tàbí elése àlùkò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo àwọn ènìyàn kéékèèké méjì tó wà lábẹ́ ihò òkúta náà nínú ti 1883, tí ojú lè fò dá nítorí pé wọn kò mọ́lẹ̀ ju òkúta tó wà lẹ́yìn wọn lọ.